Kì í Ṣe Gbogbo Èébì Ẹ̀jẹ̀ Ni Àsàsí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín tó gbayì yìí, kí n lè sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń tú ilé ká láàárín ìgboro Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣàdédé pọ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrunkà, ẹ bá mi dá sí i. Bí ẹnìkan bá jẹun alẹ́ tán tó sì pọ ẹ̀jẹ̀ ní òru, tàbí tó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tí ohun tó yà dúdú kirikiri bí ọ̀dà títì, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé? Ṣé kì í ṣe "Wọ́n ti sà sí i"? Òmíràn á ní májèlé ni. Òmíràn á ní magùn ni, ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú ọsibítù, ojú gbogbo agbolé ti lọ sára ìyàwó tó se ọbẹ̀, tàbí orogún, tàbí àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ bàbá wọn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Òwe náà dùn lẹ́nu o, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ èébì ẹ̀jẹ̀, ó ti sọ ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ìtọ́jú ìbá gbà là kú sórí ẹní.

Èyí tí mo fojú rí ni mo ń sọ. Ní agbolé kan tí kò jìnnà sí tiwa ní Bẹyẹrunkà, bàbá kan tó ń ṣòwò irin pọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ àmàlà alẹ́ tán. Ìyàwó kékeré ló ro àmàlà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kó ẹrù obìnrin náà síta. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń wá ẹni tí yóò tú àsàsí náà, bàbá náà sì ń yàgbẹ́ dúdú, ojú rẹ̀ ń funfun. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Dókítà sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ bàbá wọn ti le gbagidi láti bí ọdún mélòó kan, àrùn mẹ́dọ̀wú ló fà á, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló bẹ́. Kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Bàbá náà kú. Títí di òní tí mo ń kọ ìwé yìí, obìnrin náà kò padà sí agbolé náà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ni wọ́n sì ń gbọ́ lójú pópó pé "ọmọ ẹni tó pa bàbá wọn" ni wọ́n. Ẹ gbà mí, ṣé èyí dára?

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ara irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí àwa ará Ìbàdàn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó dàgbà tó nínú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó wó ilé, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀nà omi ti dí. Pàǹtírí ti kún inú odò, wọ́n sì ti kọ́lé sí etí rẹ̀. Nígbà tí omi kò rí ọ̀nà gbà, ó ya gba inú ilé onílé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀dọ̀. Iṣan ńlá kan wà tó ń kó ẹ̀jẹ̀ láti inú àpòlúkù àti ìfun wa lọ sínú ẹ̀dọ̀, kí ẹ̀dọ̀ lè sẹ́ ẹ kó sì lo oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, tí àpá ti kún inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá bó ṣe yẹ. Yóò wá máa ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìwọ̀n agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan náà yóò ga. Èyí yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń wọ̀n ní apá o, nítorí ti apá lè wálẹ̀ nígbà tí ti inú ikùn ga. Nígbà tó bá ga tán, àwọn iṣan kéékèèké tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun àti nínú àpòlúkù yóò wú bí okùn ewúrẹ́, ìgbàkígbà ni wọ́n sì lè bẹ́. Ìgbà yẹn ni ènìyàn máa ń pọ ẹ̀jẹ̀ tó ń ba gbogbo ilé lẹ́rù.

Èyí tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ dáadáa ni ti ìfun. Kì í ṣe ọ̀fun nìkan ni wàhálà yìí ń bá jà. Awọ inú àpòlúkù àti awọ inú ìfun, láti òkè dé ìsàlẹ̀, lè wú, kó pọ́n, kó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ láti ara rẹ̀. Ẹni náà kò ní pọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni, òòyì ń kọ́ ọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun, kò sì lè gun òkè Màpó láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ mu títí, ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró, nítorí garawa tó jò ni wọ́n ń pọnmi sí.

Ti òmíràn sì rèé, ẹ̀jẹ̀ pupa ni yóò máa rí nínú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, nítorí iṣan ti wú sí ìdí ìfun. Kí là ń pe ìyẹn ní Ìbàdàn? Jẹ̀díjẹ̀dí ni o! Oògùn wo la sì ń lò? Àgbo jẹ̀dí, èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ, a tún ń fi ọtí líle wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, a sì ń sọ pé a ń wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé kálàmù gan-an ni pé oògùn wà fún nǹkan yìí. Oògùn náà kò jẹ́ tuntun, kì í sì í ṣe oògùn olówó ńlá. Propranolol ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti lò ó rí. James Black, ọmọ Scotland, ni aṣáájú àwọn tó ṣe é jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Nítorí ọkàn ni wọ́n ṣe ṣe oògùn náà, kì í ṣe nítorí ẹ̀dọ̀. Dókítà ará Faransé kan, Didier Lebrec, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wò ó pé ohun tó ń dín eré ọkàn kù, tó sì ń fún iṣan inú ikùn mọ́ra, yóò dín ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wá sínú iṣan ẹ̀dọ̀ náà kù. Àṣé òótọ́ ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1981, aláìsàn 74 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, tí wọ́n sì ti pọ ẹ̀jẹ̀ rí, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 àwọn tó lo propranolol, 96 ni ẹ̀jẹ̀ kò dà lára wọn mọ́. Ní ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn àfarawé, 50 péré ni. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò rí èrè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́rìí sí i pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Ní ti awọ àpòlúkù tó wú tó ń jò, àwọn dókítà ní Barcelona ní ilẹ̀ Spain dán an wò lára aláìsàn 54, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Lẹ́yìn oṣù 12, nínú 100 àwọn tó lo oògùn náà, 65 ni ẹ̀jẹ̀ kò dà lára wọn mọ́. Nínú 100 àwọn tí kò lò ó, 38 ni. Ìfun ò tíì rí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí ìfun gùn, ó sì wé mọ́ra, kò rọrùn láti fojú rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohun kan náà ló ń fa ti ìfun àti ti àpòlúkù, oògùn kan náà ni àwọn dókítà ń lò fún méjèèjì.

Oògùn míràn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí i ní agbára ti dé, carvedilol ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti Spain lórí ènìyàn 201 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le ṣùgbọ́n tí omi kò tíì kún ikùn wọn, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì dà. Wọ́n rí i pé irú àwọn oògùn yìí ń dènà kí àìsàn náà tó burú sí i. Ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn àgbà dókítà ẹ̀dọ̀ káàkiri àgbáyé ṣe ìpàdé wọn, wọ́n fẹnu kò pé carvedilol ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa mú fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: a lè bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ẹ̀jẹ̀ tó dà rárá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ó dára. Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń sọ pé, "Ó tán, mo ń lọ sí kẹ́míìsì ní Bẹẹrẹ báyìí láti ra propranolol." Ẹ dúró ná o! Oògùn yìí kì í ṣe oògùn àdálò. Ẹni tó bá ní asimá, tí èémí ń há mọ́ láyà, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ó lè sé e léèémí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń lọ jẹ́jẹ́ jù tẹ́lẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e mì, ọsibítù ni kó sáré lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń fi kún un, tí yóò máa ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe wà. Bí omi bá ti kún ikùn aláìsàn jù, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà lè dín in kù tàbí kó dá a dúró.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní oògùn yìí kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ìdí tí ara fi yá ni pé oògùn ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ní òkè odò. Kò tún ẹ̀dọ̀ ṣe. Ọjọ́ tó bá dá a dúró lójijì, omi lè tún ya padà. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí owó bá wà ni wọ́n ń lò ó, bí owó bá tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ìparí oṣù. Ìyẹn kò dára tó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dà, ohun tí ọsibítù lè ṣe wà o. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan lára, irú octreotide, tó ń dín ẹ̀jẹ̀ inú ikùn kù kíákíá. Wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó àìsàn mìíràn. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n sì ní ẹ̀rọ gígùn tó ní iná lẹ́nu tí wọ́n ń kì bọ ọ̀fun, tí wọ́n fi ń wo inú, tí wọ́n á fi rọ́bà kékeré so iṣan tó bẹ́ náà. Gbogbo ìwọ̀nyí kò ṣeé ṣe ní yàrá babaláwo tàbí ní ilé àdúrà. Àwa tí à ń gbé ìsàlẹ̀ Màpó kò sì jìnnà sí ọsibítù ńlá. Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu. UCH, tí àwọn àgbà ń pè ní Oríta Mẹ́fà, ti wà láti ọdún 1957. Ṣé ó wá yẹ kí ènìyàn fi ọjọ́ méjì sun ẹ̀jẹ̀ nù nítorí pé à ń wá ẹni tó sà sí i?

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ewé àti egbò. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn páragà tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ láti ìdájí, tí àwọn awakọ̀, ọlọ́kadà àti alápatà ń fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ọtí ni, wọ́n kàn da ewé sí i ni. Ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú tó tún ń mu ọtí, ńṣe ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú kòtò. Bákan náà ni àwọn oògùn ara ríro, irú aspirin, ibuprofen àti diclofenac, àti àwọn oògùn lúlúbú inú pépà kékeré tí aspirin wà nínú wọn. Àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn lè lò wọ́n kó má ṣe nǹkan kan. Ẹni tí awọ ìfun rẹ̀ ti wú tó ń jò, wọ́n lè ṣí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́ fún ọmọ mu. Oró tó ń hù lára rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀ ní ibi.

Níbo ni ẹ̀dọ̀ líle yìí ti ń wá gan-an? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Kòkòrò kan wà tí ń gbé inú odò, tí ń wọ ara ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀, tó sì ń di ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀. Ọtí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, mẹ́dọ̀wú ni baba wọn, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní B. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, bí 8 ló ní kòkòrò yìí lára. Ẹ wo agbolé tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń gbé, irú èyí tó pọ̀ ní àdúgbò wa, kí ẹ sì ka mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀, nítorí kì í dunni, kì í gbóná, kì í sì í yọni lẹ́nu fún bí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń gbé e ká, ìyá sì lè fi ran ọmọ nígbà ìbí. Abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ń gbé e. Abẹ olóòlà ń gbé e. Abẹ onígbàjámọ̀ tí kò sè é tí kò sì pààrọ̀ rẹ̀ ń gbé e. Ẹ jẹ́ kí kálukú máa mú abẹ tuntun tirẹ̀ lọ. Kò lòdì sí àṣà kankan, owó abẹ kan kò sì tó owó bíbí ìkòkò àgbo kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ya abọ́ àti ife sọ́tọ̀ fún ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B. Kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀ tàbí bíbọra lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ tìtorí pé a fẹ́ fòpin sí ẹ̀sùn àsàsí, kí a wá dá ẹ̀sùn tuntun sílẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé a lè dènà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ti wà lára èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà láti ọdún 2004. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni kókó: láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ló yẹ kí wọ́n gún un. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tí ẹ ń bímọ sílé, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àbíyè, tàbí ní ilé àdúrà, mi ò bú yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ẹ tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ bá fi pé, kòkòrò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ ti lè ráyè jókòó. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin lẹ ń sọ pé afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ́ sí ìkókó. Ẹ dákun, ẹ fi aṣọ dì í dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.

Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní kòkòrò náà, kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò oògùn lójú ẹsẹ̀, dókítà ni yóò sọ. Èyí tó bá nílò rẹ̀, tenofovir wà, tó ń dá kòkòrò náà dúró kó má ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sí i. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi kan ìjọba. Tenofovir yìí kan náà ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní kòkòrò HIV lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún pípẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú fi ní láti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó tó rí èyí tí yóò lò? Òfin ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ pé ó di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ní i. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú, tenofovir, propranolol àti carvedilol wà nínú rẹ̀ fún alájàpá Ọjà'ba àti fún alágbàfọ̀, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé àyẹ̀wò náà sí gbogbo ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà ní àdúgbò. Kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ikùn má jẹ́ ohun tí a ó máa gba ọjọ́ fún bí ẹni ń gba ìwé ilẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ìwọ náà, ṣé o fẹ́ sọ pé kò sí ẹni tí wọ́n ń fún ní májèlé jẹ láyé yìí ni?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìkà ènìyàn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tilẹ̀ jẹ májèlé, ọsibítù náà ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lè mọ̀ bóyá májèlé ni tàbí ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ẹni tó ń wá ọkọ̀ lóru ló gbọ́n ju ẹni tó ń wá ẹlẹ́bi lọ.

Mo bẹ ẹ̀yin mọ́gàjí agbolé, ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin oníṣègùn wa tí ojú yín mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni àwọn ará ilé máa ń gbọ́ ní irú òru bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀ wá sí iwájú yín, ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ná, ọ̀rọ̀ yòókù di ọ̀la." Gbólóhùn kan péré nìyẹn. Ó lè gba ọkọ là, ó sì lè gba ìyàwó lọ́wọ́ ìtìjú tí kò ṣẹ̀ fún.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú rí, kó lọ ṣe é nínú ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí ikùn tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹyin, tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ dúdú, kó má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn òjijì dán wa wò o.



Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Bẹyẹrunkà,
Ìbàdàn.